Ẹ̀rọ Olókùn Tí Mo Ṣe Sílé Nígbà Tí Rọpárọsẹ̀ Mú Mi

Tó bá jẹ́ pé ìwọ tàbí ẹnìkan nínú ilé yín ni rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù, mo kí yín kú ìrọ́jú. Mi ò ní tàn yín. Àìsàn náà burú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òpin ayé, bí àwọn tó ń wá kí yín tilẹ̀ ń mi orí bíi pé wọ́n ti ra aṣọ òkú sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣe mí, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa sá fún.

Mùdàṣírù ni orúkọ mi, Bàbá Ràfíù ni wọ́n ń pè mí ní àdúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀. Iṣẹ́ rígà ni mò ń ṣe ní èbúté Kirikiri, níbi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi pẹlẹbẹ ti ń já ẹrù. Àwa rígà là ń fi okùn wáyà di ẹrù, tí à ń so ó mọ́ ìkọ́ kireni. Àwa náà la sì ń fi ọwọ́ ṣe àmì fún ẹni tó ń wa kireni: gbé e, sọ̀ ọ́ kalẹ̀, dúró. Ariwo kì í jẹ́ kó gbọ́ ohùn wa níbi tó jókòó sí lókè. Ọwọ́ wa ló ń wò.

Ọwọ́ yẹn ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé nǹkan ti bàjẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ń sọ páìpù kalẹ̀ sínú ọkọ̀, mo sì fẹ́ di ẹ̀ṣẹ́ sókè kí kireni dúró. Lọ́kàn mi, mo ti gbé ọwọ́ sókè. Páìpù kò dúró. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń ké, wọ́n ń sá. Mo wo ọwọ́ mi, àṣé ẹ̀gbẹ́ mi ló ṣì wà, ó rọ̀ jọwọlọ. Ọwọ́ òsì ni mo yára fi dá a dúró. Ọ̀gá wa sáré dé.

"Bàbá Ràfíù, ṣé ẹ ti ń sùn lórí ìdúró ni? Ẹ fẹ́ pa èèyàn?"

Mo ní ó rẹ̀ mí ni. Lọ́sàn-án, mo ń mu tíì, tíì ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu mi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti darúgbó, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ń lọ sílé, sálúbàtà ọ̀tún bọ́ lẹ́sẹ̀ mi lójú títì, mi ò mọ̀, àfìgbà tí obìnrin kan pè mí padà wá mú un. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọlọ́gbọ́n ṣe: mo ra oògùn ara ríro, mo lò ó, mo sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti di ti ẹlòmíràn. Mo fẹ́ pe ìyàwó mi, ohun tó jáde lẹ́nu mi kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Pidgin. Sìdí wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan, ó figbe ta: "Yéè! Ẹ gbà mí o!" Gbogbo ọgbà ló jí.

Mo bẹ yín. Ọwọ́ tó kọ̀ tí kò gbé, ẹnu tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ lẹ́nu: ọsibítù ni, lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sùn lé e lórí.

Sunday ló pọ̀n mí sẹ́yìn dé ojú títì. Wẹ́dà ni, Málù Road ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, inú ọgbà kan náà la sì jọ ń gbé. Ọmọ Urhobo ni, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ó ń sọ Yorùbá bíi tiwa. Tí inú bá ń bí i nìkan ló máa ń bọ́ sí Pidgin. Ọsibítù ìjọba ni wọ́n gbé mi lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n. Ìlà àtigba káàdì wà, ìlà àtiwọn ẹ̀jẹ̀ ríru wà, ìlà àtirí dókítà wà, ẹni tó wà níwájú kò sì ní yà fún ẹni tó wà lẹ́yìn, nítorí pé àìsàn ló gbé òun náà wá. Wọ́n tẹ́ mi sórí bẹ́ǹṣì. Ó pẹ́, ó pẹ́, Sunday bá dìde láàárín èrò: "Make una look this man mouth now! E don bend! Una want make e die for bench?" Nọ́ọ̀sì kan bínú jáde láti wá bá a jà. Ó rí ojú mi, ó gbàgbé ìjà, ó tì mí wọlé.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Dókítà bi mí bóyá mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo ní in. Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀? Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn. Wọ́n dá mi dúró, wọ́n ń fún mi lóògùn, wọ́n ní ká lọ yàwòrán orí níta nítorí pé ẹ̀rọ tiwọn ti bàjẹ́. Jẹnẹrétọ̀ wa lọ, tẹlifíṣọ̀n tẹ̀lé e. Owó tí Sìdí fi ń ra ìrẹsì àti ẹ̀wà tó ń tà níwájú ilé lọ síbẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi padà díẹ̀díẹ̀, mo dúpẹ́. Ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ràn, mo ń fi ọ̀pá rìn. Ọwọ́ ló kọ̀ jálẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, Alhaji Làmídì, wá láti Ìwó. Òun ni bàbá fún gbogbo wa láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, mi ò sì lè purọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́ràn mi. Ó jókòó tì mí, ó ń sunkún. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Mùdà, ta lo bá jà ní èbúté?"

Mo ní mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

"Ẹ̀jẹ̀ tí ń bẹ lára gbogbo wa? Tìẹ nìkan ló wá ru? Àfiṣe ni. Ayé ni."

Bí oògùn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wọlé nìyẹn. Hàǹtú, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà, dé, mo mu ún. Àgbo dé nínú ìgò, mo mu lára rẹ̀, títí nọ́ọ̀sì fi rí i, tó ní tí mo bá tún da àgbo pọ̀ mọ́ oògùn ọsibítù, kí n má padà wá bá àwọn. Ìpara dé, ó ń rùn débi pé àwọn ọmọ mi kọ̀ láti jókòó tì mí. Èyí tó burú jù ni omi gbígbóná. Ẹ̀gbọ́n mi ri aṣọ ìnura bọ omi tó ń hó, ó fún un, ó fi ń tẹ ọwọ́ mi. Ó ń bi mí, "Ṣé ó gbóná jù?" Mo ní rárá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Òótọ́ ni mo sọ. Ọwọ́ náà kò mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, awọ ẹ̀yìn ọwọ́ mi ti ń bó. Nítorí náà, ọwọ́ tó yá ni kí ẹ fi tọ́ omi wò kí ẹ tó fi kan èyí tó ń ṣàìsàn, ẹ má bi aláìsàn.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀gbọ́n mi sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ilé kan wà lẹ́yìn Ìwó tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ẹ̀gbà mú. Ó fẹ́ gbé mi lọ síbẹ̀. Sìdí àti àwọn ọmọ á dúró sí Èkó nítorí ilé ìwé àti ọjà.

Mo mọ ilé náà. Mo ti lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan níbẹ̀ rí. Wọ́n gbé e síbẹ̀ pé kó lọ gba ìwòsàn, ìyàwó rẹ̀ ń wá, nígbà tó yá ó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tó tún yá wọ́n ń fi nǹkan rán awakọ̀ sí i. Abẹ́ igi ni mo bá a, eṣinṣin ń bà á lójú, kò lè lé e. Ó di òkú níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá dárúkọ ilé náà, ẹ̀rù bà mí ju ti àìsàn lọ.

Mo bẹ̀ ẹ́. Sìdí kúnlẹ̀, òun náà bẹ̀ ẹ́. Ní ìkẹyìn ó ní, "Ó dáa. Tí Iléyá bá kọjá, tó jẹ́ pé wọ́n ṣì ń wẹ̀ fún ọ bí ọmọ ọwọ́, mò ń bọ̀ wá gbé ọ. Mi ò ní gba àròyé."

Ọ̀dọ̀ físíò ni mo wá gbájú mọ́. Físíò ni àwọn tó ń kọ́ ara lẹ́kọ̀ọ́ padà, ọmọbìnrin tí mo lè bí ló ń tọ́jú mi. Ẹ̀rọ kan wà lára ògiri wọn: irin méjì lóròó, okùn wáyà, púlì lókè àti nísàlẹ̀, irin wúwo tí wọ́n tò léra. Tí o bá fa okùn, irin á gbéra. Mo bú sẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí i.

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín, Daddy?"

Mo ní, "Àǹtí, kireni lèyí. Kireni kékeré."

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni, èrò tó ń dúró dè é sì kún bẹ́ǹṣì. O lè dúró láti àárọ̀, kó o fa okùn díẹ̀, kí wọ́n ní ó tó, ẹlòmíràn ń bọ̀. Àǹtí sọ fún mi gbangba pé ohun tí mo bá ń ṣe nílé lójoojúmọ́ ló máa ràn mí lọ́wọ́. Ó fún mi ní rọ́bà gbọọrọ kan. Rọ́bà náà já. Mo bá ní kí Sunday wá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé yàrá wa. Yàrá kan ni. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, àpò ìrẹsì Sìdí náà wà níbẹ̀, lánlọ́ọ̀dù sì ti sọ pé ẹni tó bá lu ihò sí ògiri òun á kó jáde. Nítorí náà, mo ní kí Sunday fi páìpù onígun mẹ́rin ṣe òpó kan tó máa dá dúró, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí bẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tí mo bá ṣe tán, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á gbé e ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Sunday lu ihò sára òpó náà láti ìsàlẹ̀ dókè. Ó wá fi páìpù kúkurú tó fẹ̀ díẹ̀ ju òpó lọ wọ̀ ọ́, ó so púlì mọ́ ọn. O lè fà á sókè dé orí, o lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé kókósẹ̀, o máa ki irin kékeré bọ ihò, kó má baà yọ̀. Ibi tí púlì bá wà ló máa sọ apá ibi tí iṣẹ́ máa bá lára rẹ. Irin wúwo wọ́n, nítorí náà kégì ni a so kọ́ ìdí okùn. Tí o bá fẹ́ kó wúwo, bu omi sí i. Tó bá pọ̀ jù, da díẹ̀ nù. Mi ò rí irin tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lórí okùn, èmi àti Sunday fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Àjákù wáyà kireni ni mo ní kó rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù irin.

"Bàbá Ràfíù, ṣé ọkọ̀ ojú omi lẹ fẹ́ gbé nínú yàrá ni?"

"Sunday, ṣe iṣẹ́ wẹ́dà rẹ. Èmi ni mo mọ okùn."

Wáyà náà le débi pé kò lè tẹ̀ yí púlì kékeré. Fọ́nrán rẹ̀ kan tó ti já gún mi lọ́wọ́ òsì, ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún mi. Sunday ká wáyà náà kúrò. Ó jáde, ó lọ ra okùn náílọ́ọ̀nù tí àwọn apẹja ń lò, ó sì ń fi imú kọrin ní gbogbo ìgbà tó ń so ó.

Bí a ṣe ń ṣe é ní èbúté ni mo ṣe ìdìmú rẹ̀: ọ̀pá irin kan ní ìbú, okùn lọ́tùn-ún, okùn lósì, méjèèjì pàdé lókè. Sìdí fi gèlè di ọwọ́ ọ̀tún mi mọ́ ọ̀pá náà nítorí pé kò lè dì í mú, mo fi ọwọ́ òsì di ẹ̀gbẹ́ kejì mú. Mo fà á, kégì gbéra. Hà! Inú mi dùn. Ojoojúmọ́ ni mò ń fà á, ojoojúmọ́ ni Sìdí ń bu omi kún un. Àwọn ará ọgbà ń yọjú lójú fèrèsé: "Up, Bàbá Ràfíù!" Nígbà tí kégì kún dé ẹnu, mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, mo ní kó máa wo ojú mi ní Iléyá.

Mo lọ bá Àǹtí físíò, mo ń ṣe fáàrí. Ó mú mi dé ìdí ẹ̀rọ tiwọn, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Daddy. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ òsì sinmi. Ẹ fi ọ̀tún nìkan fà á."

Mo fà á. Kò sí nǹkan kan tó mira. Mo tún fà á. Èjìká mi nìkan ló ń gbọ̀n. Ọwọ́ ọ̀tún kò lágbára ju bó ṣe rí nígbà tí mo wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Mo sunkún lójú gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì. Kì í ṣe àìsàn nìkan ló pa mí lẹ́kún, ìtìjú wà níbẹ̀. Èmi rígà! Tí ẹrù bá wà lókè tí okùn kan le, tí èkejì dẹ̀, èmi ni mo máa ń bú àwọn ọmọ iṣẹ́: "Ẹ má wo ẹrù, ẹ fọwọ́ kan okùn!" Nítorí pé ẹrù lè gbéra dáadáa, kó jẹ́ pé okùn kan ló ń ṣiṣẹ́, èkejì kàn bá a gun òkè ni. Ohun tí mo ṣe fún ara mi nìyẹn. Ọwọ́ òsì ń ṣiṣẹ́, ọ̀tún ń wòran, mo sì ń gba ìyìn.

Iléyá ti ń sún mọ́lé. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo sọ fún Sìdí pé ká padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó jókòó sórí àpò ìrẹsì, ó ní, "Bàbá Ràfíù, ó ti sú mi. Mò ń wẹ̀ fún yín, mò ń pọn omi, mò ń tajà, mò ń gbé irin lọ gbé irin bọ̀. Bóyá kí ẹ kúkú bá ẹ̀gbọ́n yín lọ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọnú egungun. Mi ò bínú sí i. Mo ní, "Ìyá Ràfíù, tí mo bá lọ, mi ò ní padà mọ́. Ìwọ náà mọ̀." Nígbà tó yá, ó nu imú, ó ní, "Kí la máa so mọ́ ọwọ́ náà?"

A yọ ọ̀pá náà kúrò. Okùn di méjì, púlì di méjì, kégì di méjì, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ń gbé tirẹ̀. Sunday mú bẹ́líìtì àlòkù wá láti ara tírélà kan ní Málù Road, Sìdí fi ọwọ́ rán an bí ìbọ̀wọ́ kí ọwọ́ ọ̀tún má baà yọ. Kégì ọ̀tún wà ní òfìfo, òfìfo náà sì wúwo jù fún mi. Ìgò omi kékeré la fi rọ́pò rẹ̀. Kò sí ẹni tó yọjú lójú fèrèsé mọ́. Ta ló fẹ́ wo àgbàlagbà tó ń làágùn nítorí ìgò? Mò ń sọ púlì kalẹ̀, mò ń fà á. Mò ń gbé e sókè, mò ń fà á. Mo máa ń gbé e sí déédéé àyà, mo máa ń kọ ẹ̀yìn sí i, mo máa ń fi ọwọ́ ti okùn síwájú bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, ìgò gbéra. Lẹ́yìn rẹ̀, a padà sórí kégì. Lẹ́yìn ìyẹn, omi ife kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó sórí àpótí ní balùwẹ̀, mo fi ọ̀tún bu omi sí ara mi, púpọ̀ rẹ̀ dà sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo wẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò jáfara. Iléyá kọjá, ọkọ̀ dé. Ó ti tẹ́ ìrọ̀rí sí ẹ̀yìn ọkọ̀ kí n lè dùbúlẹ̀ dé Ìwó. Ó wọlé, ó ń pe Sìdí pé kó di ẹrù mi.

Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, ìjókòó ni mo ti ń kí i. Mo dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo fi ọ̀pá mi ti ògiri. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀gbọ́n mi. Àyà mi kan sìmẹ́ǹtì.

Ó ké pé, "Mùdà! O ṣubú?" Ó ń sáré bọ̀ wá gbé mi.

Sìdí dí i lọ́nà. "Ẹ jọ̀ọ́, Alhaji, ẹ fi sílẹ̀."

Láti ilẹ̀ ni mo ti sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin ni bàbá mi. Ẹ má bínú, mi ò lọ." Mo wá fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀. Ìgúnpá ọ̀tún ń gbọ̀n bíi pé ó máa yẹ̀, òógùn ń kán sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún gbé tirẹ̀. Mo dé orí orúnkún, mo dé orí ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún, ó dì mọ́ mi, ó ń wí pé "Alihamudulilai, Alihamudulilai," títí Sìdí fi ní kó jókòó kó má lọ fa ẹ̀jẹ̀ ríru sí ara tirẹ̀.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń lọ lójoojúmọ́, mi ò sì gbọdọ̀ dá a dúró láé. Mò ń tiro díẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún kò lè de bọ́tìnnì kékeré, kò sì tíì lè di ẹ̀ṣẹ́ kó le. Mi ò ṣe àmì fún kireni mọ́. Ibi tí wọ́n ń kó okùn pa mọ́ sí ní èbúté ni wọ́n fi mí sí, èmi ni mò ń yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n tó lò wọ́n. Èmi àti Sunday ti ṣe irú ẹ̀rọ náà fún àwọn mìíràn tó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì físíò. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ fi irin dí i nísàlẹ̀ kí kégì má baà já lu ẹsẹ̀ yín, kí ẹ sì jẹ́ kí físíò wò ó kí ẹ tó fà á.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi tún wá láti Ìwó. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó dáhùn, ó bọ́ bàtà, ó bi Sìdí pé kí ló sè. Kò tilẹ̀ wò mí nígbà tí mo ń dìde.